Ìbọn mẹ́rìnlá, ìyàwó kan: kí ni kí n wí?

Ọmọ Ọdẹ, Houston:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá Dúpẹ́ ń wá àpótí ìrìnàjò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ló bá kan ìbọn méje tí kò rí rí. Méje tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó di mẹ́rìnlá. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì: "Bàbá Dúpẹ́, ọwọ́ mélòó lẹ ní?"

Bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ṣakí. Ṣakabùlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bọ́ àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, nítorí náà ẹ má ní kí n fi bàbá mi ṣe àwíjàre.

Èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni M1 Garand, irú tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà gbé jagun àgbáyé kejì. Ọta mẹ́jọ ló ń jẹ. Bí ìkẹjọ bá ti jáde, irin tó kó wọn pọ̀ á ta sókè, á dún "kíín!" Ìró yẹn nìkan tó mi í rà á. Àmọ́ bí o bá ń ki ọta sínú ẹ̀, tí o ò tètè yọ àtàǹpàkò, á há ọ mọ́bẹ̀. Ó há mi lóṣù tó kọjá, mo ní ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Ìyá Dúpẹ́ ti wá mọ̀ báyìí pé irọ́ ni.

Òfin Texas ò ní kí n má ní mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin Texas ni mò ń bá sùn.

Ìyá Ìbejì, Dallas:
Ìbọn kọ́ ló ń dùn ún, ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn ni. Ẹ má sì dárúkọ léèsì rẹ̀ o! Mo mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu yín.

Bọ̀dá Káfíńtà, San Antonio:
Kọ́bọ́ọ̀dù kẹ̀? Ọmọdé wà nílé! Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá lọ gbé èyí tó lọ́ta nínú torí pé o ò tì í pa, ìwọ lòfin máa mú. Tà méjì, fowó ẹ̀ ra àpótí irin alágádágodo, kó o tó wá ọ̀rọ̀ sọ.

Àkàndé, Ìsẹ́yìn:
Mẹ́rìnlá! Ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò wa ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Houston:
Ẹ ṣé. Mo jẹ́wọ́ ti àtàǹpàkò, ó rẹ́rìn-ín. Àpótí irin ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ló bá béèrè iye tí mo ra Garand. Mo sọ òótọ́.

Orí àga pálọ̀ ni mo ti ń kọ èyí.