Bí Bọ́ọ̀sì Ṣe Sọnù Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Lójú Agbami

Kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò òru tí kì í ní ìtàn kan sọ, tèmi rèé o. Bọ́ọ̀sì òru ni mo wọ̀ ní Victoria Coach Station ní London, mò ń lọ sí Paris. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n ní a máa gbéra. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bí mo bá ti jókòó, oorun ni, ojú mi á là ní Paris. Ta ló sùn?

Ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí. Gíláàsì tutù débi pé etí mi kan ti kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ móoru ń jó mi ní ojúgun nísàlẹ̀. Ihò iná tí wọ́n ní ká máa fi ṣáàjì fóònù wà lábẹ́ àga lóòótọ́, àmọ́ iná ò sí nínú ẹ̀. Mo tì wáyà bọ̀ ọ́, mo fà á yọ, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Fóònù mi ti ku 16%.

Ìyá kan ló jókòó tì mí. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń bú ihò iná náà lábẹ́nu, ni wọ́n bá yíjú sí mi.

“Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ káalẹ́ mà.”

Wọ́n ní àwọn ń lọ wo ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìgbà kẹfà tí àwọn máa gba ọ̀nà yẹn lóru nìyẹn. Wọ́n wá bi mí níbi tí mo fi pásípọ́ọ̀tù mi sí. Mo ní ó wà nínú àpò tí wọ́n bá mi kó sábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni wo ẹni tó wọ bàtà sùn. Orí ló yọ mí pé bọ́ọ̀sì ò tíì ṣí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ mú un.

Kò pẹ́ tí aago kan òru fi kọjá tí awakọ̀ tan gbogbo iná inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti dé Dover, èbúté Gẹ̀ẹ́sì tó kọjú sí Faransé. A sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́, irun gbogbo wa rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ohun tó máa ń ya ẹni tí kò gba ibẹ̀ rí lẹ́nu ni pé ọlọ́pàá Faransé lèèyàn máa bá níbẹ̀, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn tí ìjọba méjèèjì ṣe ní ìlú Le Touquet lọ́dún 2003 ló gbé e wá: Faransé ń yẹ ìwé wò ní Dover, Gẹ̀ẹ́sì náà ń yẹ tiẹ̀ wò ní Calais, èbúté Faransé tó wà ní òdìkejì omi. Tí físà rẹ bá lábùkù, o ò ní kọjá etí omi.

Ọlọ́pàá náà bi mí níbi tí màá sùn sí àti ọjọ́ tí màá padà. Inú fóònù ni ìwé òtẹ́ẹ̀lì mi wà. Ó ku 5%. Ọlọ́pàá ń wo ojú mi, èmi ń wo bátìrì. Ó lu òǹtẹ̀ fún mi. (Òǹtẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lù nígbà yẹn, láti oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kọ àlejò sílẹ̀ dípò òǹtẹ̀.)

Àwọn bọ́ọ̀sì kan máa ń gba ihò abẹ́ òkun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994. Wọ́n á wa bọ́ọ̀sì wọnú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ò ní kúrò lórí ìjókòó yín, ìṣẹ́jú 35 péré, ó parí. Tiwa kọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni tiwa, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dúró nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi.

“Wo ibi tí a páàkì sí dáadáa o,” ìyá ní.

“Mo ti yà á, mà.”

Lóòótọ́, mo ti fi fóònù ya pátákó ara ògiri. Bí mo ṣe yà á tán ni fóònù ṣú, ó kú. Ojú tì mí, mi ò sọ fún wọn.

Lókè, ìyá rí àga kan, wọ́n fi gèlè bojú, wọ́n sùn. Èmi ń rìn kiri láàárín àwọn tó na ara sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo jáde lọ wo òkun. Kò sí nǹkan tí mo rí, ó kàn dúdú, atẹ́gùn sì fẹ́ gba fìlà lórí mi. Nígbà tí wọ́n kéde pé ká padà sídìí ọkọ̀ wa, mo sáré lọ síbi tí mo fi ìyá sí. Àga ti ṣófo.

Mo bá èrò wọ́ sọ̀kalẹ̀. Àṣé ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n. Ìlẹ̀kùn tí mo ṣí tẹ̀ lé e, tírélà ló kún ibẹ̀, wọ́n fún mọ́ra débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn láàárín wọn. Òórùn dísẹ́ẹ̀lì, ariwo ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù tó ń dán yanran ń pariwo sí mi, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo padà gòkè, mo gba àtẹ̀gùn mìíràn. Àwọn bọ́ọ̀sì nìyí! Mẹ́ta ni wọ́n, àwọ̀ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà. Mo wọ èyí tó sún mọ́ mi, ó di ìdí fèrèsé mi. Ọmọkùnrin kan ti jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì. Mo ní kó dìde. Ó ní òun ò dìde. Mo ti fẹ́ gba àga mi lágbára kí n tó gbọ́ ohùn awakọ̀ nínú ẹ̀rọ: bọ́ọ̀sì Brussels nìyí.

Mo fò sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ńlá iwájú ti ń ṣí, iná Calais ti ń wọlé. Bọ́ọ̀sì kejì kọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí ìyá. Ẹsẹ̀ wọn kan wà lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì kẹta, èkejì wà nílẹ̀, awakọ̀ ò rí ìlẹ̀kùn tì. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n, ìyá ń fi Yorùbá dá a lóhùn: “Kò síbi tí ò ń lọ. Ọmọ mi ò tíì dé.”

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní, “Wọlé jàre! Ilẹ̀ karùn-ún, àtẹ̀gùn aláwọ̀ ewé. Kí ló le níbẹ̀?”

Láti Calais dé Paris ku bíi kìlómítà 290. A yà síbùdó ìsinmi kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn kan ń kùn pé kí ló dé tí awakọ̀ ò kúkú máa lọ. Òfin ni. Ní Yúróòpù, awakọ̀ ò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ kó tó sinmi ìṣẹ́jú 45, ó sì lè pín in sí 15 àti 30. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti ti ilé ìtọ̀ inú bọ́ọ̀sì wa pa. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ìyá ní àwọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà dè mí. Mi ò sọ̀kalẹ̀.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la dé Bercy, ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Paris. Aago ọwọ́ mi ṣì ń pe méje ààbọ̀, torí wákàtí kan ni Paris fi ṣáájú. Mo bá ìyá gbé àpò wọn, mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà wọn kí n lè máa pè wọ́n. Mo ki ọwọ́ bàpò, mo fa fóònù tó ti kú yọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

“Tì í sápò.”

Wọ́n pe nọ́ńbà náà fún mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí n pè é padà. Mo ṣi ẹyọ kan pè. Ọkọ ọmọ wọn tó wá gbé wọn ti ṣí bùùtù mọ́tò sílẹ̀, ó dúró, ó ń wò wá. Ìyá ò gba àpò lọ́wọ́ mi títí mo fi pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì.