Olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ nínú bàálù

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, Super Mushshak kan, bàálù kékeré tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wa fi ń kọ́ awakọ̀, já ní Kaduna lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Awakọ̀ méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ kú. Ó dùn mí dé egungun. Ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé kí ló dé tí wọn ò fò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, Super Mushshak ò ní àga tó ń ju awakọ̀ síta. FT-7NI, bàálù ìjà tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀, tó já ní Makurdi lóṣù keje ọdún 2023 ní irú àga bẹ́ẹ̀, òun ló yọ àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀. Nínú Super Mushshak, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó. Ohun tó bá dé bá ọmọ ti dé bá olùkọ́ náà nìyẹn.

Mo ti ṣe mẹkáníìkì bàálù fáwọn ológun rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ọ̀gá rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀: kí táyà kan ilẹ̀, kí wọ́n tún gbéra, léraléra. Ibẹ̀ ló le jù fún ọmọṣẹ́. Eré ti dín kù, ilẹ̀ ti sún mọ́, àyè àtiṣàtúnṣe ò sí. Táyà iwájú ló kọ́kọ́ gbálẹ̀, bàálù bá ta sókè bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó ti ọ̀pá ìdarí síwájú, imú tún lọ gbálẹ̀. Ńṣe ló yẹ kó tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì, kó padà sókè. Ọ̀gá gba ọ̀pá náà, àmọ́ ó ti bọ́. Ìgbà tó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ iwájú kán.

Àwa àtàwọn panápaná sáré débẹ̀. Òórùn epo gba gbogbo afẹ́fẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú ti ká sẹ́yìn. Ọ̀gá ti pa iná ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ bẹ́líìtì ọmọ yẹn ló ń tú, tirẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Lẹ́yìn náà, àwọn kan ní kí wọ́n lé ọmọ náà lọ sílé. Ọ̀gá ní kò jọ ọ́. Ìgbà tára àwọn méjèèjì yá, òun fúnra rẹ̀ ló tún jókòó tì í, wọ́n sì jọ gòkè.