Ṣé kí n gbé sọ́fítíwíà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò lórí kọ̀ǹpútà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Akọ̀wé_Kóòdù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Sọ́fítíwíà tí mo ń tà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, VB6 (èdè àtijọ́ kan tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà) ni mo fi kọ ọ́, Access (àpótí détà Microsoft) ló ń gbé détà rẹ̀. Ó ń ṣe ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó, èlé àti pípín èrè ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ń sanwó rẹ̀. Ní báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ máa wo àṣẹ́kù owó rẹ̀ lórí fóònù, akápò náà fẹ́ kí owó tí èèyàn bá san láti ilé máa wọ inú ìwé fúnra rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ gbé? Báwo ni kí n ṣe díye lé e? Ẹ rántí pé iná kì í dúró ní ọ́fíìsì wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń lọ ó ń bọ̀.

Ìdí_Détà:

Détà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, ẹ fi ojú-ewé sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí bó ṣe máa dára lójú, ìdí détà náà ló máa padà sí, owó àwọn èèyàn á sì ti wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ yọ table (àtẹ détà) kọ̀ọ̀kan jáde sí CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ tí kọ́mà pín sí wẹ́wẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó gba ọwọ́ Excel kọjá. Excel á ka 0803 sí nọ́ńbà, á gé òdo iwájú sọ nù, á ku 803. Nọ́ńbà àkáǹtì tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, bákan náà. Déètì ló burú jù: 03/04/2024 lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta bí kọ̀ǹpútà náà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, ẹ ò sì ní rí àmì kankan pé ó ti yí. Ẹ kọ ọ́ sí 2024-04-03, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kọ́bọ̀ ni kí ẹ fi máa tọ́jú owó, ní nọ́ńbà odidi: bigint nínú PostgreSQL, àpótí détà ti orí sáfà. ₦5,000 á di 500000. Bó bá jẹ́ Double (nọ́ńbà onídẹ́símà tí kì í péye tán) lẹ ń lò fún owó nínú Access, ẹ retí kọ́bọ̀ mélòó kan tí kò ní baba nígbà tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ ro owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lápá àtijọ́ àti lápá tuntun, kí wọ́n bára mu dé kọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ẹ má tọ́jú àṣẹ́kù bí iye kan tí ẹ ń pa rẹ́ tí ẹ tún ń kọ. Owó tó wọlé tàbí tó jáde, ìlà tirẹ̀ ni. Àròpọ̀ ìlà ni àṣẹ́kù. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ ìlà òdìkejì láti fi dá a padà. Lórí kọ̀ǹpútà kan, akọ̀wé kan ló ń fọwọ́ kàn án. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, akọ̀wé méjì lè fi onídùúró kan náà sábẹ́ ẹ̀yáwó méjì ní ìṣẹ́jú kan náà, kí èto sì gbà fún àwọn méjèèjì. Ẹ fi SELECT … FOR UPDATE ti ìlà onídùúró náà pa nínú transaction (ìdì iṣẹ́ tó ń wọlé lódindi tàbí tí kò wọlé rárá) kí ẹ tó wo iye tó kù tó lè dúró fún.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n fi àmì kọ. «ọ́» lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó sì lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì méjì. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà méjì ni. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ wọ́n di ọ̀nà ìkọ kan náà. Kí ẹ sì ní column kejì tí ẹ ti yọ àmì kúrò fún ìwákiri, torí «Bola» ni akọ̀wé máa tẹ̀.

Wẹ́bù_Owó:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti détà tán. Ní ti owó tó ń wọlé fúnra rẹ̀, ẹ má gba ojú-ewé «Ẹ ti sanwó» gbọ́. Ẹni tó san án lè ti browser pa kó tó ṣí. Ẹlòmíràn lè tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Webhook, ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó ń fi ránṣẹ́ tààrà sí sáfà yín, ni ẹ̀rí.

Bó bá jẹ́ Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, charge.success ni ẹ ń retí, kọ́bọ̀ ni iye inú rẹ̀. Header x-paystack-signature jẹ́ HMAC SHA512, àmì ìfọwọ́sí tí wọ́n fi secret key yín ṣe. Ẹ ṣírò tiyín lórí ìròyìn náà bó ṣe dé gan-an, kí ẹ tó tú JSON rẹ̀, torí àyè kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè mú kí wọ́n má bára mu. Ẹ dá 200 (ìdáhùn pé «ó ti dé») padà kíákíá, kí ẹ ṣe iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn. Bí 200 ò bá dé, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wákàtí-wákàtí títí di wákàtí 72. Bí reference (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó) ò bá jẹ́ UNIQUE (èyí tí kò lè wà lẹ́ẹ̀mejì) nínú table yín, ibẹ̀ ni owó kan ti máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Owó iṣẹ́ wọn lórí owó abẹ́lé jẹ́ 1.5% àti ₦100. ₦100 yẹn kì í sí bí owó bá dín sí ₦2,500, àpapọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọjá ₦2,000. Ẹni tó san ₦5,000, ₦4,825 ló dé báńkì. Bí ìwé bá kọ 5,000 láìkọ 175 sí ìlà ìnáwó, akápò á máa wá owó kiri lópin oṣù. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ pinnu ẹni tó máa gbé e.

Bí ẹ bá ń fi SMS ránṣẹ́, ẹ kọ N dípò ₦, kí ẹ sì kọ e àti o dípò ẹ àti ọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ á sọ àyè 160 di 70, SMS kan lè di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ ó sanwó rẹ̀.

Akọ̀wé_Kóòdù:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ tiwọn. Ṣé wọ́n nílò gbogbo èyí?

Wẹ́bù_Owó:

Rárá o. Ẹ ṣe ibi tí wọ́n á ti gbé ìwé ìyọwó oṣù sílẹ̀, kí èto fi nọ́ńbà òṣìṣẹ́ mú wọn pọ̀, kó sì to àwọn tí kò bára mu sọ́tọ̀ fún akọ̀wé. Ẹ má fi orúkọ mú wọn pọ̀ láé.

Aláìníná:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fọ́ọ̀mù ìkọwólé nìkan ni kó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: service worker (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú-ewé) á tọ́jú ojú-ewé, IndexedDB (àpótí détà inú browser) á tọ́jú ohun tí wọ́n kọ. Fóònù ni kó fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í jọ òmíràn), kó má jẹ́ sáfà. Bí wọ́n bá rán an lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀yáwó láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àṣẹ́kù tí wọ́n ń wò lè jẹ́ ti àná. Lórí Safari, ohun tó wà nínú IndexedDB lè pòórá bí wọn ò bá lo ojú-ewé náà fún ọjọ́ méje tí wọ́n lo browser, àfi bí wọ́n bá fi sórí home screen.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ máa kọ ìwé lórí Access àti lórí wẹ́bù pa pọ̀ fún oṣù díẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Kí Access ṣì máa kọ, kí wẹ́bù máa fi hàn nìkan, ìyẹn dára. Ọjọ́ tí wẹ́bù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ ti Access pa fún kíkà nìkan.

Ìdí_Détà:

Ní ti iye owó, sáfà, SMS àti domain ń gba owó lọ́wọ́ yín bóyá ẹgbẹ́ lò ó tàbí kò lò ó, nítorí náà títa lẹ́ẹ̀kan ti parí. Ẹ gbà á lọ́dọọdún ṣáájú, kí ẹ gbé e ka iye ọmọ ẹgbẹ́. Ìpàdé ọdọọdún ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìnáwó, gbígbà lóṣooṣù á sọ yín di onígbèsè tó ń kanlẹ̀kùn. Détà àwọn èèyàn ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, òfin ààbò détà Nàìjíríà ti 2023 sì kàn yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí détà bá jò, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́, torí wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó àjọ ààbò détà Nàìjíríà létí.

Ẹ fi bọ́tìnnì tí ẹgbẹ́ lè fi gba gbogbo ìwé rẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ayẹ̀wéwò á béèrè rẹ̀. Kí CSV rẹ̀ jẹ́ UTF-8 tó ní BOM (àmì ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tó ń sọ irú ìkọ rẹ̀ fún Excel), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ wọn á di wúruwùru bí wọ́n bá fi Excel ṣí i.