Máńdólìn tí pátákó rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn ahun: ṣé ìka ni àbí bridge?

Ọmọ Adó
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Máńdólìn (ohun èlò orin olókùn, bíi gìtá kékeré) tí pátákó fret rẹ̀ (pátákó ọrùn tí wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn fret, dábùú sí) tẹ́ pẹrẹsẹ ni ọwọ́ mi mọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, àárín pátákó rẹ̀ ga, etí méjèèjì sì lọ sílẹ̀. Wọ́n ní radius rẹ̀ (ìwọ̀n bí pátákó ṣe tẹ̀) jẹ́ ínṣì 12. Okùn àárín, D àti A, ń kùn bíi kòkòrò inú páálí, bẹ́ẹ̀ okùn etí, G àti E, ga débi pé wọ́n ń dun ìka. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bridge rẹ̀ (igi kékeré tí okùn gùn lé lórí ikùn rẹ̀) ni. Ṣé kí n máa fara dà á títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn? Àìkú tó ń bọ̀ la fẹ́ lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjerò
Má fara da nǹkan kan. Bridge tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n gbé sórí pátákó tó ga láàárín. Ní fret 12, láti okùn G dé okùn E tó nǹkan bíi 32 mm. Radius ínṣì 12 á mú kí àárín pátákó fi bíi 0.4 mm ga ju ibi tí okùn etí wà lọ. Bridge pẹrẹsẹ ò gbé okùn àárín sókè bá a, nítorí náà D àti A fi bíi 0.3 mm sún mọ́ fret ju G àti E lọ. Nígbà tó jẹ́ pé 1.5 sí 2 mm péré ló yẹ kó wà láàárín okùn àti fret 12, 0.3 yẹn kì í ṣe kékeré.

Kọ́kọ́ mọ radius rẹ̀ dájú. Lu ihò méjì sí igi pẹlẹbẹ kan, kí 305 mm (ìyẹn ínṣì 12) wà láàárín wọn. Kan ìṣó sí ọ̀kan, ki pẹ́ńsù bọ èkejì, fi fa ìlà sórí páálí, kó o sì fi abẹ gé e. Má lo òwú, òwú máa ń fà. Gbé páálí tó kó sínú yẹn dábùú pátákó láàárín fret méjì. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, pátákó tẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbìyànjú ínṣì 14 tàbí 16. Tó bá jẹ́ etí ló ti yọ, gbìyànjú 10.

Èyí tó bá bá a mu, fi pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀ sí ara bridge, kó o sì fi fáìlì yún un dé orí ìlà. Má fọwọ́ kan àárín. Orí ibi tí G àti E jókòó sí ni wàá yún kúrò, bíi 0.7 mm. Lẹ́yìn náà, tún ojú ihò okùn ṣe. Ìdajì okùn ni kó wọlé. Tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ohùn á kú. Àjókù okùn G ṣe é fi yún ihò G fúnra rẹ̀.

Ọmọ Adó
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé gbogbo okùn ni kí n tú?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjerò
Rárá o! Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ bridge máńdólìn, okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ téèpù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kó má baà sún, dẹ okùn títí orí rẹ̀ á fi ṣe é yọ. Tó o bá dá a padà, fi ohùn fret 12 wé harmonic ibẹ̀ (ohùn tó ń jáde tó o bá kàn fi ìka kan okùn láìtẹ̀ ẹ́). Tí ti fret bá ga jù, sún bridge sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Tó bá lọ sílẹ̀, sún un síwájú.

Ìyá Akọrin, Ìfàkì
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìka náà á ní ìpín tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù G oníka mẹ́rin (7-5-2-3, ìyẹn fret tí ìka máa tẹ̀ lórí G, D, A àti E) lo máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára: G lọ sílẹ̀ létí, ọmọńdinrín á máa yọ̀ bọ́. Ti ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀, má kàn tẹ̀ ẹ́ le. Lọ́wọ́ ọ̀tún, D àti A á ga díẹ̀ ju etí lọ, pick (ohun pẹlẹbẹ tá a fi ń ta okùn) á sì máa wọ inú wọn jù nígbà tó o bá ń gbọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí orí pick yọ bíi 2 mm péré. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má tún padà sórí èyí tó tẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé pẹrẹsẹ ò dáa. Nítorí ọrun (ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn) ni pátákó violin ṣe ga láàárín, kí ọrun lè kan okùn kan láìkan èkejì. Máńdólìn ò lo ọrun. Tèmi, fífẹ̀ ọrùn máńdólìn ṣe pàtàkì ju radius lọ.

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Èkìtì, igi á sún kì, orí fret á yọ létí bí ẹ̀gún. Fi fóòmù tútù sínú àwo ọṣẹ tó ní ihò, kó o gbé e sínú àpótí rẹ̀.

Ọmọ Adó
Ẹ ṣé mà. Ti Àìkú yìí wá ńkọ́?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìjerò
Má tíì yún nǹkan kan. Dẹ okùn díẹ̀, yí kẹ̀kẹ́ kékeré méjì abẹ́ bridge sókè ní ìdajì yíyí, tún un yí sí ohùn. G àti E á tún dùn ọ́ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n kíkùn yẹn á dínkù. Yẹra fún kọ́ọ̀dù oníka mẹ́rin, oníka méjì tó fún orin ìyìn.