Gáréèjì ilé ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ irin: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ará Akóbọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ìbàdàn ni mo wà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, àmọ́ ọwọ́ mi kì í fẹ́ dilẹ̀. Gáréèjì kan wà lára ilé mi tó jẹ́ pé ẹrù àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ síta, mo sì fẹ́ máa fi ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ irin lọ́jọ́ Sátidé: tábìlì, irin ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ àga, àti ìdúró gíga tí màá gbé táńkì omi lé. Wẹ́dà kan ládùúgbò ti ń jẹ́ kí n máa jó irin díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, nítorí náà kì í ṣe pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di electrode mú rárá, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin.

Ọjà ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Ẹni tó ń tà á ní Ògùnpa ní kí n ra inverter, ìyẹn máṣíìnì ìjórin kékeré tó ń lo pátákó iná, kì í ṣe ti bátìrì ilé, tí wọ́n kọ 200 amps sí lára, pé jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA mi á gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Wẹ́dà tó ń kọ́ mi ní nǹkan ìṣeré ọmọdé nìyẹn, kí n ra èyí tí wọ́n fi wáyà kọ́pà wé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, kí n ra MIG, ìyẹn máṣíìnì tó ń fi wáyà jó irin dípò ọ̀pá electrode. Owó ọwọ́ mi ò tó gbogbo rẹ̀ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi náà ní ìbéèrè tirẹ̀: ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín gáréèjì yẹn àti yàrá àwọn ọmọ, ṣé iná ò ní ti ibẹ̀ ràn mọ́ ilé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Wẹ́dà Mọ́níyà

Ọ̀gá, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Ẹ fi máṣíìnì sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ iná bẹ̀rẹ̀, torí iná ló máa pinnu èyí tó kù.

3.5 kVA tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ yẹn, ibi tó lè fipá dé ni. Èyí tó lè gbé fún wákàtí kan láì mí hẹlẹ kì í sábà ju 2.8 kW lọ. Electrode 2.5 mm ń fẹ́ nǹkan bí 60 sí 90 amps. Tí ẹ bá sún máṣíìnì sí 80, inverter á fa ohun tó lé díẹ̀ ní 3 kVA lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe, torí kì í ṣe wákàtí kan gbáko lẹ ó fi jó o láìdúró, àmọ́ kò sí àyè fún fíríìjì àti fáànù lórí jẹnẹrétọ̀ kan náà. Electrode 3.2 mm ní tirẹ̀ ń fẹ́ 90 sí 130 amps. Ẹ má dán an wò lórí 3.5 rárá. Ẹni tó ní ó máa gbé 200 tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ọjà ló ń tà.

Ẹ ò sì nílò 3.2 fún ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, yàtọ̀ sí ti táńkì. Square pipe oní-inch kan tí ara rẹ̀ nípọn 1.5 mm, electrode E6013 oní-2.5 mm ti tó o, ẹ má gbé iná kọjá 70 tàbí kó máa lu ihò. Fún èyí tó jẹ́ 1.2 mm, tí ẹ bá rí electrode 2.0 mm, òun ni kí ẹ mú. Ẹ sì mú fáníà, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn irin, dání lọ sọ́jà, torí ọ̀pọ̀ páìpù tí wọ́n ń pè ní 1.5, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, kò tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kọ́pà

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ rọra sọ̀rọ̀ máṣíìnì oníkọ́pà. Tèmi, wọ́n ti tú wáyà inú rẹ̀ wé tuntun, ó sì ń jó irin dòní. Tí pátákó iná inú inverter bá jó, ta ló fẹ́ tún un ṣe fún yín ládùúgbò? Fáànù inú rẹ̀ ń fa lẹ́búlẹ́bú irin wọlé, lẹ́búlẹ́bú yẹn ló sì ń pa á. Oníkọ́pà ò ka eruku kún.

Wẹ́dà Mọ́níyà

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa eruku, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n oníkọ́pà tiyín, iná tó ń fà kọjá ohun tí wáyà ilé ọ̀gá yìí lè gbà, jẹnẹrétọ̀ 3.5 á sì kú sí i lọ́rùn kó tó jó ọ̀pá kan tán. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù ló wà fún. Kí ọ̀gá ra inverter, kí wọ́n gbé e jìnnà sí ibi tí wọ́n bá ti ń fá irin, kí wọ́n sì máa fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester

Ẹ kú alẹ́ o láti ìlú ọba. Níbí, plug ilé lásán ò kọjá 13 amps, ìyẹn bí 3 kW, inverter kékeré sì ni púpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ń lò. Ẹ má jẹ́ kí nọ́mbà ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí iwájú rẹ̀ tàn yín. Ẹ yí i padà, ẹ ka páálí kékeré tó wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá rí 60% lábẹ́ 120 A, ohun tó ń sọ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ẹ lè fi 120 jó irin fún ìṣẹ́jú 6, kí ẹ fi mẹ́rin tó kù jẹ́ kó tutù. Èyí tí kò bá ní páálí yẹn lẹ́yìn, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á.

Ní ti MIG, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lórí pánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì yá. Àmọ́ èyí tó ń lo gáàsì ń fẹ́ sílíńdà tirẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí sì lè fẹ́ gáàsì náà lọ, kí ojú ìjó máa lu ihò wẹ́wẹ́. Ẹni tó sì gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn gáréèjì gbayawu kí èéfín lè jáde, báwo ló ṣe fẹ́ dí afẹ́fẹ́? Wáyà tí kò nílò gáàsì wà, èéfín tirẹ̀ ló pọ̀. Ẹ fi MIG sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n.

Títí Onírin

Gbogbo yín ń jà lórí ohun tí wọ́n fi ń jó o, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ń gé e àti ohun tí wọ́n fi ń dì í mú. Nínú iṣẹ́ wa, gígé, fífá, wíwọ̀n àti dídì mú ló ń gba ojúmọ́. Ìjó gan-an kì í pẹ́. Bọ̀dá, tó bá jẹ́ èmi ni mo ni owó yẹn, filing machine onínṣì mẹ́rin àbọ̀ tó dáa, ẹ̀rọ tó ń yí dísìkì tí wọ́n fi ń gé irin tàbí fá a, ni màá kọ́kọ́ rà, kó wá kan fáìsì tó wúwo àti G-clamp mẹ́rin tí wọ́n fi ń di irin mú, square tí wọ́n fi ń wọn igun, àti ìbojú. Lẹ́yìn náà ni màá wá wo ohun tó kù fún inverter. Ẹ lè máa gbé irin tí ẹ ti gé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà yín kó bá yín jó o fúngbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹnu dì í mú fún yín.

Filing machine yẹn ni ẹ ó bẹ̀rù ju iná lọ. Onínṣì mẹ́rin àbọ̀ ń yí bí 11,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Dísìkì ńlá onínṣì mẹ́sàn-án, 6,600 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ti rí àwọn tó ń yọ ìbòrí irin orí rẹ̀ kí dísìkì ńlá lè wọ inú kékeré, àbí? Ó ń fọ́ bí àwo ni, ọrùn àti ojú ló sì máa ń wá. Ẹ má yọ ìbòrí yẹn láé. Dísìkì ìgé tó jẹ́ 1 mm, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fá irin; èyí tó nípọn 6 mm ló wà fún ìyẹn. Ẹ wo òrùka irin àárín dísìkì kí ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí lílò rẹ̀ dópin sí i, torí gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ ń gbó, pàápàá tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń pàtẹ rẹ̀ sínú oòrùn àti òjò ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Ìbéèrè ìyàwó yín ló tiẹ̀ mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ wo ògiri yẹn dáadáa. Tí ihò wáyà tàbí fèrèsé kan bá wà níbẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, sílíńdà gáàsì, ọ̀dà, fóòmù àtijọ́, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ bá yín wà níbẹ̀. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ta láti ara irin lè sá lọ sábẹ́ páálí kó máa jó wúwúwú láìsí ẹni tó mọ̀, torí náà tí ẹ bá ti jó irin tán, ẹ dúró tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó tilẹ̀kùn. Búkẹ́ẹ̀tì iyanrìn kan, ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun kan. Jẹnẹrétọ̀ náà, òde gbangba ni, jìnnà sí fèrèsé. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn tó máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń sùn, ó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú.

Nọ́ọ̀sì Ojú

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un. Gíláàsì ojú oòrùn kì í ṣe ìbojú wẹ́dà. Fún 60 sí 130 amps tí wọ́n ń sọ yìí, ẹ wá gíláàsì tí wọ́n kọ 10 tàbí 11 sí. Àwọn ọmọ tó bá yọjú wo ìmọ́lẹ̀ yẹn láti ẹnu ọ̀nà lè fara gbá a bíi ti ẹni tó ń jó irin, nítorí náà ẹ ta kánfáàsì sí ẹnu ọ̀nà.

Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni ojú á máa ta ẹni, bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi á sì máa dà. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Wàrà ọmú, omi ànàmọ́, ìtọ̀, ẹ má fi ọ̀kankan sí i, kòkòrò àrùn lẹ ń bu sójú tó ti bó. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ tẹ ìpéǹpéjú ní títì, ẹ jókòó sínú òkùnkùn, tí kò bá lọ ní ọjọ́ kejì tàbí tí ìríran bá ń ṣú, ilé ìwòsàn ni. Tó bá jẹ́ pé irin ta sínú ojú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ará Akóbọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyàwó mi ti ka ti Àǹtí Títí sókè fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo ní àwọn páìpù omi àtijọ́, àwọn onífunfun tí kì í dípẹtà, ṣé mo lè fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ táńkì? Mo tún ní dúrọ́ọ̀mù díẹ́sẹ̀lì kan tó ti gbẹ, mo fẹ́ là á sí méjì fún sísun ẹran.

Bàbá Kọ́pà

Ọmọ mi, fi dúrọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀. Gbígbẹ tó gbẹ yẹn gan-an ló léwu: èéfín epo tó kù sínú rẹ̀ ló ń bú, kì í ṣe epo. Filing machine náà ń ta iná, má sọ pé o ò ní jó o. Mo mọ ibi tí ìdérí irú ẹ̀ ti fò kọjá fẹ́ǹsì.

Wẹ́dà Mọ́níyà

Zinc ni funfun ara páìpù yẹn. Tí ẹ bá jó o bẹ́ẹ̀, èéfín funfun tó ń jáde á fún yín ní ibà lálẹ́, kí ara máa gbọ̀n bí ẹni tó ní málàríà. Mílíìkì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń mu sí i ò dí i lọ́wọ́. Ẹ fá zinc náà kúrò títí irin dúdú á fi hàn, tó inṣì méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é ní gbangba.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe ti táńkì. Lítà 1,000 omi, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, lókè orí ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tábìlì iṣẹ́ tiyín, ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra ní kékeré-kékeré, kí ẹ wọn igun sí igun lẹ́ẹ̀mejì kó dọ́gba kí ẹ tó jó o tán. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà méjì jókòó lé e, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìjó rẹ̀ fún wa.

Títí Onírin

Fún sísun ẹran, ẹ ra pánù dúdú gẹ́èjì 16. Ẹ má ra onízinc fún ìyẹn náà o, iná á gbóná dé ara rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún mi tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, mo lè júwe àwọn tó ń ta dísìkì gidi.