Ṣé oúnjẹ lè mú kí ọkàn èèyàn wúwo?

Ìyá Aránṣọ, Àkúrẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ìtòsí Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bísíkíìtì àti mínírà ni mo fi ń ti ọ̀sán dé alẹ́. Inú mi kì í dùn mọ́, mo kàn ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣé oúnjẹ ni?

Ọmọ Òǹdó: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Lọ́dún 2017, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà lórí èèyàn 67 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Nínú àwọn tí wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe fún ọ̀sẹ̀ 12, ìrẹ̀wẹ̀sì náà kúrò lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, èso. Ọjà yín náà ló kún fún un.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má tìtorí ẹ̀fọ́ pa oògùn dókítà tì o! Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú.

Ìyá Aránṣọ: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iyán alẹ́ mi.