Èsì: "ìdádúró ìtọ̀" kọ́, "ìtọ̀ sísé" ni

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ilé-Ifẹ̀ fi ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ ránṣẹ́. Ìwádìí ìṣègùn ni, fún àwọn tí ìtọ̀ kì í tán nínú àpòòtọ̀ wọn. Wọ́n dá "ìdádúró ìtọ̀" lábàá fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "urinary retention". Ẹlòmíì ní "àìlètọ̀" ló dáa jù. Ẹ má bínú, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé là ń wá agbo fún kó lè dá ìtọ̀ dúró. Àkọlé wọn, "Ìdènà Ìdádúró Ìtọ̀", wá burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìdènà lórí ìdádúró! Ta ló máa kà á tí ò ní rò pé wọ́n fẹ́ dínà mọ́ ìtọ̀ òun?

"Àìlètọ̀" sàn díẹ̀, àmọ́ ó yọ ọ̀pọ̀ aláìsàn sílẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù kan níbí ní Iléṣà, nọ́ọ̀sì bi bàbá kan: "Bàbá, ṣé ẹ ò lè tọ̀ ni?" Bàbá ní, "Mo ń tọ̀ kẹ̀! Ìtọ̀ ni ò jẹ́ kí n sùn lóru." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ikùn wọn le gbandi. Nígbà tí wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde sí i, àpò rẹ̀ kún, ìtọ̀ ṣì ń bọ̀. Àkúnwọ́sílẹ̀ ni bàbá ń tọ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ fi "àìlètọ̀" bi irú wọn lórí fọ́ọ̀mù, "rárá" ni wọ́n máa mú.

Èmi dá méjì lábàá. "Ìtọ̀ sísé" ni èyí tó dé lójijì, tí èèyàn ò rí ẹ̀kán kan tọ̀. A kúkú ń sọ pé nǹkan oṣù sé. "Àṣẹ́kù ìtọ̀" ni èyí tó ń kù sínú lẹ́yìn tí èèyàn tọ̀ tán, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wọ̀n.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: "Wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 lórí finasteride, oògùn tó ń mú próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀, sún kì. Ọkùnrin 3,040 ló wọ̀ ọ́, fún ọdún 4. Ìtọ̀ sé mọ́ èèyàn 42 nínú àwọn tó lo oògùn. Ó sé mọ́ 99 nínú àwọn tó gba hóró tí kò ní oògùn." Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "ìdádúró" síbẹ̀.

Ẹni tó pe rọ́bà ní "ọ̀pá ìtọ̀", ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Láti 1972 ni dókítà Jack Lapides àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé aláìsàn lè fi rọ́bà tó mọ́ sí i fúnra rẹ̀, kó fà á yọ tó bá tọ̀ tán. Ta ló máa gbà kí òun fọwọ́ ara òun ki ọ̀pá bọ ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà "próstéètì" ní tirẹ̀, ẹ má túmọ̀ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì bá mi kìlọ̀ fún òǹtẹ̀wé pé kó má yọ àmì ohùn o, kó má lọ jẹ́ pé itọ́ ẹnu la ń wádìí.